Orí Tí Bàbá Kò Tíì Parí

Ọjọ́ tí Bàbá ò gbé nǹkan mì mọ́ ni gbogbo ayé rántí pé ó yẹ kó máa jẹun. Ní gbogbo ìgbà tó ń jẹun geere, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó jẹ. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn ṣe tàn pé búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì ń padà ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, fóònù ò jẹ́ kí ilé náà sinmi mọ́. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ọ̀hún mọ́ ń kọ́ni bí a ṣe ń fún àgbàlagbà lóúnjẹ. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ ni ọmọ obìnrin yìí, Aránṣọ náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, bẹ́ẹ̀dì Bàbá wà ní yàrá inú, ilẹ̀kùn àárín méjèèjì kì í sì í tì, kó lè máa gbọ́ èémí bàbá rẹ̀ bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo Bàbá ti bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ara Bàbá ló ń palẹ̀ mọ́, ebi kọ́ ló ń pa á. Ó ní kí wọ́n máa fi omi ra á létè, kí wọ́n máa yí i padà, kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀. Aránṣọ sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó nu ojú, ó lọ parí aṣọ oníbàárà tó ń dúró. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́: kí Bàbá kú sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì de ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ní ìdí. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn gbẹ̀yìn, ó fa rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú yọ, wọ́n sì fi aṣọ de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Àpá ibẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń dán bíi pé ẹ̀gbà ló wọ̀. Ọwọ́ náà ò lè ṣe kó má ṣiṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá, iṣẹ́ ò sì tíì tán lójú rẹ̀. Ó ti gbàgbé ìyàwó tó ti kú, ó ti gbàgbé àwọn ọmọ, ó ti gbàgbé ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ṣọ́ọ̀bù. Yàrá inú yìí ni ṣọ́ọ̀bù lójú tirẹ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lóòótọ́, kóòtù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ sì wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n ti fi aṣọ bo dígí, torí pé díẹ̀ ló kù kí Bàbá bá arúgbó kan jà níbẹ̀, tó jókòó láti àárọ̀, tí kò sanwó, tí kò sì fẹ́ lọ. Màṣíìnì ìgẹrun tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ti kógbá wọlé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fi ń gẹ ìrọ̀rí, òun ló fi ń gẹ afẹ́fẹ́.

Kò bímọ kankan mọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i. Oníbàárà ni gbogbo ènìyàn, àfi Aránṣọ tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Á lé e lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ nítorí ọ̀lẹ, àánú rẹ̀ á ṣe é, á tún gbà á padà kí oòrùn tó mú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni Mánijà dé. Àkọ́bí Bàbá ni. Ọ́fíìsì ńlá ló ti ń ṣe mánijà, ipò náà sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ dúdú ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, a ò sì gbọ́dọ̀ wò ó pẹ́. Kò jókòó. Ó dúró láàárín aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ tí wọn ò tíì rán.

"Mo ti pe áńbúláǹsì." Ohun tó fi dáhùn ẹ káàárọ̀ tí àbúrò rẹ̀ kí i nìyẹn.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Áńbúláǹsì ta ni, Bọ̀dá?"

"Ta ló tún kù? Wọ́n á fi rọ́bà sí Bàbá nímú, oúnjẹ á máa lọ tààrà."

"Ṣé ẹ ti wo ọwọ́ wọn?"

"Ọwọ́ kì í pa ènìyàn. Ebi ní í pa á."

"Nọ́ọ̀sì ní ebi kọ́."

"Nọ́ọ̀sì yẹn ló máa bá mi dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń sọ kiri pé èmi Mánijà febi pa bàbá mi? Ṣé o mọ ohun tí Màmá Òkè sọ fún mi lórí fóònù?"

Màmá Òkè ni ìyá àgbà tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orí àtẹ̀gùn ló máa ń ṣa ẹ̀fọ́ sí, torí pé láti ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti ń ríran. "Mi ò sọ nǹkan kan o!" ló ké láti ìta. "Mo kàn ní ọrùn Bàbá ti tín-ín-rín ni! Ṣé kò tín-ín-rín ni?"

"Ẹ gbọ́, Bọ̀dá," ni Aránṣọ wí. "Ẹ jẹ́ ká wọlé lọ bi Bàbá fúnra wọn."

"Bàbá wo? Èyí tó ń pe ìrọ̀rí ní oníbàárà?"

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

"Olórí ti lọ," ni Mánijà dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí olórí ti lọ. Ìwọ lò ń bá ilé òfìfo sọ̀rọ̀."

 Aránṣọ fa òwú kan já lára aṣọ, ó sọ ọ́ nù. Mánijà tún fa fóònù yọ níṣojú rẹ̀, ó pe àwọn alámbúláǹsì, ó ń la ọ̀rọ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń la iṣẹ́ fún ọmọ ọ́fíìsì. "Àgbàlagbà ni, orí wọn ò pé mọ́. Wọ́n máa ní àwọn ò lọ, ẹ má dá wọn lóhùn. Wọ́n máa ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn, irọ́ ni. Wọ́n sì lè pariwo. Ẹ rọra dì wọ́n mú, kí ẹ de ọwọ́ wọn, kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe." Ó fi fóònù sápò. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti ṣe ojúṣe òun.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá inú, àbíkẹ́yìn ilé ti wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń tò bí oníbàárà. Oníwáyà ni wọ́n ń pè é, torí iná mànàmáná ló ń tún ṣe. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, àléébù rẹ̀ kan ò ju pé kò lè wo nǹkan tó bàjẹ́ kó mójú kúrò. Rédíò tí wọ́n ti sọ sórí ààtàn, á lọ hú u jáde. Ní alẹ́ àná, nígbà tí Bàbá sùn, ó ti rọra yọ màṣíìnì ìgẹrun lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ó pọ́n eyín rẹ̀, ó ta epo sí i, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oore ni, oore sì ni baba wàhálà nínú ẹbí.

"Ẹ tò!" ni Bàbá wí, bó ṣe rí Mánijà. Ìrọ̀rí ni wọ́n fi gbé e ró, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpò lọ, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá ni. "Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó lẹ́ni tó ṣáájú yín."

"Bàbá, èmi ni."

"Ẹ̀yin náà ni, mo rí yín. Ẹ tò."

Mánijà wo Aránṣọ. Aránṣọ wo òrùlé. Ọkùnrin tí odidi ọ́fíìsì ń dìde fún wá jókòó ti àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án. Oníwáyà fi ojú rere gbà pé kó ṣáájú òun. Mánijà bá bọ́ sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tan iná fóònù, ó fẹ́ yẹ ọ̀fun Bàbá wò. Bàbá ti so aṣọ ìgẹrun mọ́ ọn lọ́rùn kó tó ráyè la ẹnu. Ó so ó kókó bí wọ́n ṣe máa ń so ó láyé àtijọ́, tí ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Ó tẹ orí oníbàárà síwájú. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ màṣíìnì náà, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ẹgbẹ̀rún lójúmọ́ tí nǹkan kan kì í sì í ṣẹlẹ̀.

Màṣíìnì ké. Ó gba iwájú orí Mánijà wọlé, ó gba àtàrí, ó yọ sí ẹ̀yìn ọrùn, ó sì lànà funfun gbọọrọ sáàárín irun dúdú náà. Irun já bọ́ sí àyà rẹ̀.

 Ẹ̀rín sọ lójú Bàbá, ẹ̀rín tí wọn ò tíì rí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Irun yín le, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ ń kun nǹkan sí i." Ọwọ́ rẹ̀ wá wálẹ̀ sórí ìbora, ojú rẹ̀ dé, oorun gbé e lọ.

Mánijà fọwọ́ kan orí. Ó mú ọwọ́ wálẹ̀, ó wò ó, ó tún fi kan orí. "Kí lèyí?"

"Mo tún un ṣe ni," ni Oníwáyà wí.

"Ta ló rán ẹ?"

"Ó ti bàjẹ́ ni, Bọ̀dá."

"Mo ní ìpàdé lọ́sàn-án! Àwọn àlejò ń bọ̀! Gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ wọn kó o gẹ ìyókù, kíákíá!"

Oníwáyà rọra mú màṣíìnì. Kò tíì fi kan orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí Bàbá fi la ojú, tó fi igbe ta. "Olè! Ó fẹ́ jí orí mi lọ!" Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó sáré, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Aránṣọ sáré gba màṣíìnì náà, ó dá a padà sí i lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Orí yín ni. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án." Ó ń pa á lẹ́yìn ọwọ́ títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Òfin Bàbá ni látọdúnmọ́dún: orí tí onígbàjámọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀, òun náà ní í parí rẹ̀.

Wọ́n rán Oníwáyà sí onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta. Ó padà lóun nìkan. Ọmọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bàbá rí, ó sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, orí tí ọ̀gá òun bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe orí tí òun lè fọwọ́ kàn, àwọn èèyàn á sọ pé òun ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Fìlà ńkọ́? Mánijà kì í dé fìlà, irun rẹ̀ ló fi ń ṣe fìlà. Fìlà Bàbá tí wọ́n sì rí, ó jókòó lé e lórí bí ìdérí ife. Ó ṣí i kúrò. Bí ẹni tó fẹ́ yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe di ará ilé nìyẹn.

Ó jókòó, kò rí nǹkan kan ṣe, ó bá ń wòran. Ó rí Aránṣọ tó ń ti aṣọ bọ omi, tó ń fi ra ètè Bàbá. Ó rí i tó gbé e yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó wo ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi ìpara pa á, tó tún yí i padà, tí Bàbá sì ń bú u pé kò mọ iṣẹ́. Ó rí i tó dáhùn pé "Mò ń kọ́ ọ, ọ̀gá." Àwọn kan máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Wọn kì í sọ iye ọmọ tí òkété náà bí, àti iye tó gbé ọmú wá.

"Omi lásán lò ń fi sí wọn lẹ́nu," ni Mánijà wí lẹ́yìn ọ̀rẹyìn.

"Omi ni wọ́n lè gbà."

"Torí pé ìwọ lò ń fún wọn ni. Fún mi ní ṣíbí."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní fún mi ní ṣíbí! Bàbá mi ni!"

Aránṣọ gbé tíì àti búrẹ́dì fún un. Ó yẹ kó kọ̀, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kó kọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, Màmá Òkè sì ti wà lójú fèrèsé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mánijà fà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹ la ẹnu. Èmi ni. Èmi àkọ́bí yín."

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Àkọ́bí mi wà nílé ìwé," ló wí. "Ọmọ yẹn gbọ́n. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn."

 Ì bá sàn ká ní Mánijà gbé ṣíbí náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dun irú wọn, ọwọ́ wọn ní í yá, ó sì ti ṣíbí bọ ẹnu tó ṣì ṣí sílẹ̀ láti máa yin ọmọ. Tíì gba ọ̀nà tí kò yẹ. Ojú Bàbá yọ síta, ó ń wúkọ́ tí ikọ́ ò jáde, ètè rẹ̀ ń dúdú, ọwọ́ rẹ̀ ń gẹ afẹ́fẹ́. Aránṣọ ti Mánijà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ife tíì sì dà sí i láyà. Ó yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka kó búrẹ́dì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń lù ú lẹ́yìn, ó ń pè é. Ó pẹ́. Mo sọ pé ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni èémí kan ya wọlé, pẹ̀lú ariwo, bíi ilẹ̀kùn tó ti há.

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run o," ni Màmá Òkè wí lójú fèrèsé. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò fi nǹkan kan kún un.

Mánijà jáde sí yàrá iwájú. Òógùn bò ó, tíì ń kán lára aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò rí tú, ojú rẹ̀ pọ́n. Fóònù ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì gbé e, ó ń fi ọwọ́ kejì lu tábìlì ìránṣọ. "Mo ní mi ò wá! Mi ò lọ síbì kankan! Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi níbí!"

Àsìkò náà gan-an ni áńbúláǹsì dé. Màmá Òkè ló júwe ilẹ̀kùn fún wọn láti orí àtẹ̀gùn. Àwọn méjì ni, awakọ̀ kan tó sanra àti ẹnìkejì rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo àgbàlagbà kan tó ń bá tábìlì jà, tí wọ́n gẹ àárín orí rẹ̀ tí wọn ò gẹ ẹ̀gbẹ́, tó so aṣọ mọ́rùn bíi ti ọmọ ọwọ́, tó sì ń pariwo pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n wo ara wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wọn náà ló rí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni awakọ̀ wí, ó ti mú ohùn rẹ̀ tutù. "A kàn fẹ́ mú yín jáde díẹ̀ ni."

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé! Bàbá wà nínú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá wà nínú. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Èmi kọ́! Èmi ni mo pè yín!"

"Ẹ̀yin lẹ pè wá, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá."

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Mánijà ni mí!"

"Ti àná ní ọba lòun," ni ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, ó sì fa aṣọ gígùn kan yọ lápò. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Awakọ̀ gbá a mú láti ẹ̀yìn, ẹnìkejì ká aṣọ náà mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó fà á, ó so ó. Bí Mánijà ṣe ń jà tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tù ú nínú tó pé ó ti tó, Bàbá, ó ti tó.

Ariwo yìí ló mú Aránṣọ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn àárín. Oníwáyà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí, bàbá yín rèé?" ni awakọ̀ bi í.

"Sọ fún wọn!" ni Mánijà ké. "Sọ fún wọn!"

Aránṣọ wo aṣọ tí wọ́n fi dè é. Ó wo ibi tí wọ́n so ó sí, lọ́rùn ọwọ́ gẹ́lẹ́. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń dúró de ọ̀rọ̀ kan péré, kò sì sọ ọ́. Èmi ò ní bá a wí.

"Ta ló ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù mi?"

Bàbá ni. Ó ti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde, ó bọ́ sórí oníbàárà rẹ̀, ó sì dúró lórí ọwọ́ tí wọ́n dè.

"Ta ló dè é?"

"Àwa ni, sà," ni awakọ̀ wí, ó rí kóòtù funfun, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. "Orí wọn ni ò pé."

"Mo mọ̀ pé kò pé. Èmi ni mò ń gẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tú u sílẹ̀." Èémí rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ó dúró, ó tún mú òmíràn. "A kì í de ènìyàn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Bí ẹ̀rù abẹ bá ń ba oníbàárà, a máa ń dúró dè é ni. Ẹ tú u."

Wọ́n tú u. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ìdí, ṣùgbọ́n wọ́n tú u. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ tò," ni Bàbá wí, àwọn náà bá wọlé, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n pa orúnkún pọ̀. Ibẹ̀ ni Aránṣọ ti rọra sọ fún wọn ẹni tí kálukú jẹ́. Awakọ̀ wo Bàbá, ó wo Mánijà, ó fọwọ́ bo ojú. "Àwa wá gbé ta ni báyìí, sà?"

Mánijà ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ti pọ́n. Ó wo ti Bàbá tó wà lórí ìbora, ibi tó ń dán yẹn. Ó wò ó pẹ́.

"Kò sẹ́ni tí ẹ máa gbé," ló wí.

Bàbá na ọwọ́. "Ọ̀gá, ẹ wá. Ẹ jẹ́ ká parí."

Mánijà lọ jókòó sórí àpótí, ó tẹ orí síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Màṣíìnì ké. Bàbá ò lè gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè mọ́, Aránṣọ bá a gbé e. Wọ́n jọ gẹ ìlà kan, wọ́n fẹ́ gẹ èkejì, ọwọ́ Bàbá dúró lágbedeméjì.

"Ó ti rẹ ọwọ́ mi," ló wí. Ó wo Aránṣọ, ó sì gbé màṣíìnì náà lé e lọ́wọ́. "Parí ẹ̀."

"Èmi, ọ̀gá?"

"Ìwọ ni. O ti mọ̀ ọ́n."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu Bàbá, kì í ṣe fún ọmọ iṣẹ́ kankan, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Omi ń já bọ́ lójú Aránṣọ, kò ráyè nù ún, ọwọ́ rẹ̀ kún.

"Ta ló kù?" ni Bàbá tún bi í, ojú rẹ̀ ti ń dé.

Aránṣọ wo bẹ́ǹṣì. Awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ wà níbẹ̀, Oníwáyà wà níbẹ̀. "Kò sẹ́ni, ọ̀gá. Gbogbo wọn ti gẹ tiwọn tán."

"Ó dáa. Ti ilẹ̀kùn."

Oníwáyà dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Aránṣọ wá fa àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, ó ń gẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gẹ àtàrí, ó gẹ ẹ̀yìn etí, ó ká etí sílẹ̀ bó ṣe rí i tí Bàbá máa ń ká a nígbà tó wà lọ́mọdé. Èjìká Mánijà ń mì, Aránṣọ sì ń dúró kó mì tán kó tó tẹ̀síwájú.  Ìgbà tó pa màṣíìnì, tó fẹ́ irun kúrò lọ́rùn rẹ̀, ni wọ́n gbọ́ bí yàrá náà ṣe dákẹ́ tó. Bàbá ti lọ. Ó ti lọ nígbà tí màṣíìnì ṣì ń ké, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà náà gan-an.

Oníwáyà fi orí lélẹ̀, ó ń sunkún sókè. Màmá Òkè gbọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó yọ orí wọlé. "Yéè! Bàbá! Ṣé wọ́n rí nǹkan jẹ kí wọ́n tó lọ?"  Ó wo orí Mánijà, ó rọra fa ilẹ̀kùn padé.

Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì, torí pé ó mọ ohun tó kàn. Ó tẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, ó pa ojú rẹ̀ dé dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ṣì ká, bíi pé ó mú nǹkan dání. Ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sáyà, ó sì tún fa aṣọ gígùn náà yọ lápò.

"Ẹ fi ọwọ́ wọn sílẹ̀," ni Mánijà wí.

"Bí a ṣe ń ṣe é ni, sà. Kí ara tó le."

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí? A kì í de ènìyàn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Ọkùnrin náà ká aṣọ rẹ̀, ó fi sápò. Aránṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá padà sórí ìbora, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mánijà fẹ́ bá a gbé èkejì, ṣùgbọ́n ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó lọ jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn awakọ̀, aṣọ tí Bàbá nìkan lè tú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì tò, ó ń dúró.